Ìdájọ́ Tí A Dá Lójú Ọ̀nà Kétu

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nínú àtẹ̀jáde tó ṣáájú èyí, a ṣèlérí ìròyìn ìrìn-àjò wa sí Kétu, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn orin ẹ̀fẹ̀ tí a fẹ́ lọ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìlú náà. Àwọn orin náà ṣì ń bọ̀. Ohun tí a gbé wá lónìí ni ìdí tí a kò fi dé Kétu lọ́jọ́ tí a dá, àti ìdájọ́ kan tí a fi ẹnu ara wa dá ní etí ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wá léèrè rẹ̀ títí di òní.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni a gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ìpàdé wa ní Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: ọkọ̀ gíga onítáyà ńlá, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní 4x4, tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé fi ránṣẹ́, tó sì gba èbúté Kútọnù wọlé láàrin àwọn ọkọ̀ àlòkù yòókù. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ẹjọ́ yìí kì í ṣe tiwọn. Ọkọ̀ tí ń pa gíá fúnra rẹ̀ ni. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíá ńlá, ọ̀pá kékeré mìíràn wà tí a fi ń pín agbára sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹrẹ̀ bá pọ̀.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2023, àwa olùkọ́ mẹ́rin wọ ọkọ̀ náà ní Ọ̀wándò. Kí a tó ṣí, a bu omi kànga ilé-ẹ̀kọ́ kún rédíétọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. A gba Ìtakété kọjá, a ra àkàrà ní Pobè, a ń bá a lọ. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà, a sì ti rò pé kí oòrùn tó kan àtàrí, a ó ti jókòó níwájú àwọn àgbà tí wọ́n ń retí wa.

A kò tíì jìnnà sí Pobè tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà dà bí ẹni pé a ń fi táyà gun orí àgbàdo tí wọ́n sá sójú títì, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tó mọ́ tónítóní ni a wà lórí rẹ̀. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè kékeré kan, ohùn ẹ́ńjìnnì ròkè bí ti ẹranko tí wọ́n dì mú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára. Ńṣe ni ó ń rọlẹ̀. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan tàn níwájú awakọ̀. Ó tẹ epo sí i. Ariwo pọ̀ sí i, eré sì dínkù sí i. Ní ìdajì òkè náà, a dúró. Awakọ̀ fi ọ̀pá gíá sí gbogbo ibi tó lè dé, síwájú, sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ń dáhùn, táyà kò dáhùn.

Físíìsì ni a ń kọ́ àwọn ọmọ. Láti kíláàsì kékeré ni a ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n tó sọ pé ohun báyìí ló fa báyìí. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a fa igi ìwọ̀n epo yọ, a nù ún, a tún un kì bọ inú ihò rẹ̀, a rí i pé epo pé, a sì fi ohùn olùkọ́ kéde fún àwọn yòókù pé epo kò dín. Epo ẹ́ńjìnnì ni a wò. Ti gíá ní igi tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ọwọ́ kò ti yá dé, a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ti rántí ọmọ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní gàráàjì tó ń tọ́jú ọkọ̀ ẹgbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọ̀wándò. Àwa la kọ́ ọ ní físíìsì nígbà tó wà ní quatrième. Kò yege BEPC, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, oṣù kan péré ló sì kù kí wọ́n ṣe libération fún un. Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ yẹn ti rí nílẹ̀ wa: aṣọ tuntun, àtíkè tí wọ́n ń dà sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lórí, ìwé-ẹ̀rí tí ọ̀gá ń gbé lé e lọ́wọ́ lójú ẹbí, tí ìyá sì ń sunkún ayọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá lé lóṣù kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́rin rẹ̀ ti wọ igbó. Ọ̀gá mìíràn kò ní gbà á láti ibi tí ó bá a dé.

Òun ló pààrọ̀ epo gíá ọkọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò náà. Ohun tí a mọ̀ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó wa. Ó ti ra epo burúkú lọ́jà, ó ti jẹ èrè orí rẹ̀, ó ti da epo ẹ́ńjìnnì sínú gíá: a rò gbogbo rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, lábẹ́ igi, pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan.

A pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Àgbàlagbà ni, ó sì fi sùúrù béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá kékeré yẹn, ṣé kò sí ní N? Bí ó bá wà níbẹ̀, kò sí gíá tí yóò gbé e.” Kò sí ní N. Ó ní kí a fi òkúta dí táyà, kí awakọ̀ fi ọ̀pá ńlá sí D, kí ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá irin gígùn tí ń lọ sẹ́yìn ń yí. Bí irin bá ń yí tí táyà kò yí, ẹ̀yìn ni àìsàn wà. Bí irin kò bá yí, iwájú ni kí a wá a sí. Ìbéèrè tó dára ni, irú èyí tí ó yẹ kí àwa fúnra wa bi ara wa. A kò bẹ̀rẹ̀ wo ohunkóhun. A já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ní, “Ọmọ iṣẹ́ yín ló ba ọkọ̀ wa jẹ́,” a sì ka gbogbo ohun tí a ti rò lábẹ́ igi sí i létí bí ẹni pé ojú wa ló ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn wọ́ ọkọ̀ náà láìjẹ́ pé a fi ọ̀pá kékeré sí N, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí yóò máa fa epo káàkiri inú gíá, gbogbo rẹ̀ yóò sì máa ha ara wọn ní gbígbẹ. Ó kí wa pé kí Ọlọ́run mú wa bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó ní kí ọmọ náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa lọ ilé.

Bí a ṣe padà dé Àjàṣẹ́ kò lẹ́wà ní sísọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ló fà wá, alẹ́ sì ti lẹ́ kí a tó rí iná Ọ̀wándò.

Ní ọjọ́ Sunday, ẹnìkan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀ wá láti Kútọnù. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní ojú kan náà tí a ó máa ki ẹ̀rọ yìí bọ̀. Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2001 fún àwọn ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù. Ó kì í bọ̀ ọ́, nọ́ńbà méjì sì jáde: P0700 àti P0730. A ti wádìí ìtumọ̀ wọn lẹ́yìn náà. Èkíní kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì gbọ́ pé inú kọ̀ǹpútà gíá kò dùn. Èkejì sọ pé yíyí tó ń wọlé sínú gíá àti yíyí tó ń jáde kò bá ìṣirò mu. Èyí kò ju ohun tí etí wa ti gbọ́ lórí òkè lọ, pé ariwo wà, ìrìn kò sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà yọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní gíá ti kú, kí a ra àlòkù mìíràn, ẹgbẹ̀rún 650 sẹ́fà, láìka owó iṣẹ́. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Owó ìtẹ̀wé ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ni.

Ọ̀gá gàráàjì kò sọ̀rọ̀. Orí Peugeot 404 àti 504 ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì máa ń sọ pé ọkọ̀ tí ń dá gíá pa kì í bá òun sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ló máa ń bá wọn sọ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ wá sílé wa. Ó ń ta gaàrí ní Ọ̀wándò, ó sì jù wá lọ ní ọjọ́ orí dáadáa. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, a sáré dì í mú. Kò bá wa jà, kò sì sọ pé ọmọ òun kò ṣe é. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Monsieur, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ òun ló ṣe é, ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣe.” A kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè tí a máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì gbé ka iwájú wa.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdé, kí a tó lọ síbi iṣẹ́, a pàdé ní gàráàjì. Ọmọ náà ti dé ṣáájú wa. Ó kí wa bí ọmọlúàbí, kò wo ojú wa. Ó mú agolo epo tó rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ó da díẹ̀ sórí bébà funfun: ó pupa, ó mọ́ gaara bí omi ìṣápá. Ó ṣí ìwé ọkọ̀ fún wa láti fi orúkọ tó wà lára agolo wé èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn kò yàtọ̀. Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú bóòtù ìsàlẹ̀ gíá, ó fi abọ́ gba ohun tó ń jáde.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó wà nínú abọ́ kì í ṣe epo. Ó ki, ó ń hó, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìgbà tí ènìyàn bá po ògì pọ̀ mọ́ omi ìṣápá. Bí epo bá kàn jóná nínú gíá, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ohun tó ta sínú ìkòkò. Bí wọ́n bá ti da irú epo mìíràn sí i, yóò ṣì jẹ́ epo. Ohun kan ṣoṣo ló lè sọ epo gíá di ẹ̀kọ báyìí: omi.

Níbi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ pa gíá rẹ̀, irin ló ń di irin mú. Nínú èyí tí ń dá a pa, epo ló wà láàrin. Ẹ gbé fáànù méjì kọjú sí ara wọn, kí ẹ tan ẹyọ kan: afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò yí èkejì tí kò níná. Hermann Föttinger, ẹlẹ́rọ ará Jámánì, ló fi epo tàbí omi rọ́pò afẹ́fẹ́ náà ní 1905, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló ṣe rò ó. Ní 1939 General Motors ti ń fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ Oldsmobile, wọ́n pè é ní Hydra-Matic. Epo náà kò mọ sórí gbígbé agbára. Òun náà ló ń fi ipá tẹ àwọn àwo tín-ín-rín inú gíá mọ́ra wọn kí wọ́n lè jọ yí. Nítorí iṣẹ́ yìí ó máa ń gbóná gan-an. Wọ́n a wá fi páìpù darí rẹ̀ lọ síwájú ọkọ̀ láti tutù. Ibi tó sì ti ń tutù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tiwa pẹ̀lú, ni inú ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n tì bọ inú rédíétọ̀ gan-an. Epo wà nínú ọ̀pá, omi yí i ká, irin fẹ́lẹ́ ló wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ọmọ náà ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ó fi ìka kan inú rẹ̀, ó nà án sí wa: epo pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí omi ti ń lọ ni epo ń bọ̀. Síbẹ̀ ó ní òun kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. Ó bi wá bóyá fáǹpù kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ́ agbára afẹ́fẹ́ ní quatrième ṣì wà. Ó wà. A rán ènìyàn lọ mú un wá. Ó tú rédíétọ̀ sílẹ̀, ó dí ojú kan nínú ojú méjì ọ̀pá epo náà, ó so fáǹpù mọ́ èkejì, ó sì tẹ gbogbo rédíétọ̀ rì sínú ọpọ́n omi ńlá, ìdérí rẹ̀ ní ṣíṣí. Ọ̀gá rẹ̀ ló fẹ́ fáǹpù. Bí a ti ń wá ojú ihò lára táyà kẹ̀kẹ́ náà ni. Láti ẹnu rédíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kankan kò yẹ kí ó gbà jáde, ìfóòfó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó ń ṣàn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Irin fẹ́lẹ́ yẹn ti dípẹtà, ó ti lu. Ọ̀gá béèrè ohun tí a ń bù sínú rédíétọ̀. Ẹ ti mọ èsì rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀ ní oògùn nínú tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Omi kànga kò ní in, ti ìlú wa tó sún mọ́ ọ̀sà sì lè ní iyọ̀ pẹ̀lú. Oṣù mẹ́jọ ni a fi bù ú sí i. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, bóyá irin náà ì bá lu nígbà tó bá yá. A kò lè fi ìyẹn gbá ara wa láre, nítorí ọ̀gá tún ní kí a mú ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú ọkọ̀ sí wá. Ojú ewé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò wà níbẹ̀, ní èdè Faransé tí a fi kọ́ ọmọ náà, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀: òun ti pààrọ̀ epo gíá; èyí tí òun tú jáde ṣú díẹ̀; omi rédíétọ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tó ń jò sílẹ̀; kí a gbé ọkọ̀ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ kí òun lè wò ó. Lábẹ́ rẹ̀ ni a buwọ́ lù. A kò kà á. Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, a rántí pé a rí àṣìṣe ọ̀rọ̀-ìṣe kan ní ìlà kejì, a sì rẹ́rìn-ín.

Gíá náà kò ṣeé gbà là. Nígbà tí wọ́n tú u, a rí i pé omi ti tú gọ́ọ̀mù tó lẹ ara àwọn àwo rẹ̀; ohun tó yẹ kí ó di wọn mú ti ṣí kúrò bí èèpo alùbọ́sà, ó sì ti dí ojú ọ̀nà epo. Ọkùnrin Kútọnù kò purọ́ nígbà tó ní gíá ti kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé òmíràn sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, tí a fi rédíétọ̀ yẹn sílẹ̀, bóyá oṣù kan ni yóò lò kí ó tó mu omi kú bí ti àkọ́kọ́. Gíá àlòkù àti rédíétọ̀ tuntun ni a rà, ọmọ náà sì fi ìtutù epo kékeré kan síta, níwájú, tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú omi mọ́. Owó ìtẹ̀wé lọ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn yìí fi pẹ́ ní oṣù márùn-ún, tí ojú ewé rẹ̀ sì dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ lẹ́tà sí wa, àwa ló jẹ̀bi.

Ọ̀gá gba ọmọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ Mọ́ńdé yẹn gan-an, kò sì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i ju pé kí ó lọ wọ aṣọ iṣẹ́. Àwa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù, nítorí pé iwájú wọn ni ọ̀gá ti lé e. Ó ní, “Kò burú, Monsieur.” A mọ̀ pé ó burú. Nígbà tí wọ́n ṣe libération rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, a lọ, a jókòó lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló fà wá síwájú, ó sì da àtíkè sí àwa náà lórí.

Lóṣù tó kọjá a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà láti wo omi. Bébà kan wà tí wọ́n fi ike lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ìkọ̀wé ọmọ náà ni, ní Yorùbá, láìsí àmì ohùn kankan: E ma bu omi kanga si o. A mú bíírò jáde láti fi àmì sí i. A dúró díẹ̀, a sì dá bíírò padà sí àpò.